Báwo ni àwọn Beatles ṣe kúrò lórí “mo fẹ́ràn rẹ” láàárín ọdún mẹ́ta? Ẹ̀yin tí ẹ mọ orin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Gìtá Ọ̀wẹ́ (Kàbà)

Òkun o, gbogbo ilé. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ojúgbà mi náà.

Ẹgbẹ́ olórin kékeré kan ni mò ń darí níbí ní Kàbà: gìtá méjì, béèsì kan, onílù kan, àti àbúrò mi obìnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ìgbéyàwó, ìkómọ àti òkú àgbà ló ń bọ́ wa. Orin àwọn ẹlòmíràn la máa ń kọ níbẹ̀, nítorí ohun tí àwọn èèyàn bá mọ̀ ni wọ́n ń jó sí. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì ló wà lọ́kàn mi láti kékeré, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tiwa. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé.

Gbogbo orin tí mo bá kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Mo fẹ́ràn rẹ, ìwọ náà fẹ́ràn mi, má lọ, padà wá. Lọ́jọ́ kan tí à ń ṣe ríhásà, àbúrò mi mú ẹsẹ orin kan, ó fi ègbè orin mìíràn tì í, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó fura nínú wa títí ó fi parí. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà. Orin tí a lè já ara rẹ̀ lulẹ̀ kí á fi ti òmíràn rọ́pò, kí ló wá jẹ́ tiwa nínú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Lọ́kọ́jà kó gbogbo àwo àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sínú fíláàṣì fún mi, ó ní kí n gbọ́ wọn ní títẹ̀léra, kí n má fo ọ̀kankan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo wọn kìíní, Please Please Me, jáde ní oṣù kẹta ọdún 1963. Inú mi dùn bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí tiwa: èmi, ìwọ, ìfẹ́, jọ̀ọ́. Mo ń gbọ́ ọ lọ títí mo fi dé Revolver, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1966. Níbẹ̀ ni mo ti bá “Eleanor Rigby” pàdé. Obìnrin kan tó dá wà, tó ń ṣa ìrẹsì nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Àlùfáà kan tó ń kọ ìwàásù tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Kò sí “mo fẹ́ràn rẹ” kankan níbẹ̀. Kò sí gìtá pàápàá, kò sí ìlù! Fáólìn ló ń lọ lábẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àwọn èèyàn kan náà ni o. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ló wà láàárín.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni wọ́n ṣe láàárín ìgbà yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀bùn ni. Mo gbà pé ẹ̀bùn wà. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ṣe ni mo fẹ́ mọ̀, kí àwa náà lè gbé e ṣe. Tí ẹ bá sì lè tọ́ka sí orin kan pàtó, kí ẹ ní “ibí ni wọ́n ti yà,” ẹ ó ràn mí lọ́wọ́ gidi.

Ọmọ Ìyàrà (Ìkẹjà)

Àbúrò mi, o káre. Tèmi kò pọ̀: Hamburg ni.

Oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ìlú yẹn ní Jámánì, wọ́n sì ń padà lọ títí di ìparí ọdún 1962. Ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣeré, ọ̀pọ̀ wákàtí lóru kan, òru lórí òru. Orin àwọn ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ: Chuck Berry, Little Richard, Buddy Holly. Paul McCartney tó ń ta béèsì fún wọn fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé inú orin Chuck Berry kan lòun ti mú ohun tí béèsì ń ta nínú “I Saw Her Standing There,” orin tó ṣíwájú gbogbo orin tó wà nínú àwo wọn kìíní.

Nítorí náà má tijú pé orin olórin lẹ ń kọ níbi ìnáwó. Ẹ ṣáà máa tẹ́tí sí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe.

Tíṣà Ìsánlú

Ọmọ mi, mo fara balẹ̀ ka ohun tí o kọ. Inú mi dùn pé iṣẹ́ lo béèrè. Orin ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìsánlú níbí, àwọn àwo tí o dárúkọ yìí sì wà nínú yàrá mi títí di òní.

Òótọ́ ni ohun tí Ọmọ Ìyàrà sọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti Liverpool lọ sí Hamburg bákan náà. Ilé ọtí kan náà, orin Amẹ́ríkà kan náà, òru gígùn kan náà. Hamburg kọ́ ọwọ́ wọn, ó kọ́ ọ̀nà ọ̀fun wọn. Iṣẹ́ kíkọ orin jẹ́ ọ̀tọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ọdún 1957 ni John Lennon àti Paul McCartney, àwọn méjì tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin ẹgbẹ́ náà, mọra. Ilé bàbá Paul ní Forthlin Road ní Liverpool ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á sá níléèwé lọ́sàn-án, wọ́n á kojú ara wọn pẹ̀lú gìtá. Paul ní ìwé kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn sí. Wọn kò mọ àmì orin kà, wọn kò sì ní ẹ̀rọ tí wọn ì bá fi gba ohùn sílẹ̀. Òfin tó wà láàárín wọn ni pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn kò rántí orin náà mọ́, a jẹ́ pé orin náà kò dára tó. Jọ̀wọ́ di èyí mú. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ ń gba gbogbo nǹkan sílẹ̀, èyí tó yẹ kó kú kò sì kú.

Síbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n lọ ṣe ìdánwò ní ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, Decca, ní London ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1962, orin 15 ni wọ́n kọ, 3 péré ló jẹ́ tiwọn. Decca kò gbà wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, George Martin tó ń darí iṣẹ́ wọn ní EMI, ilé iṣẹ́ àwo orin mìíràn tó gbà wọ́n, gbé orin kan fún wọn, “How Do You Do It,” tí Mitch Murray kọ. Ó dá a lójú pé orin náà yóò tà. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé tiwọn ni kó gbé jáde. “Love Me Do” ló jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ó dé ipò 17 ní Bìrìtìkó. Ẹgbẹ́ mìíràn láti Liverpool, Gerry and the Pacemakers, gba èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e dé ipò kìíní. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àwọn ọmọ tí kò tíì ní orúkọ, tí wọ́n ti lé kúrò níbìkan rí, wọ́n gbé orin tí yóò ṣe ipò kìíní sílẹ̀ nítorí orin tiwọn tí kò ju kọ́ọ̀dù díẹ̀ lọ (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà). Ìpinnu yẹn ló sọ wọ́n di akọrin.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ “èmi àti ìwọ.” Wo orúkọ àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀ wọn: “Love Me Do,” “P.S. I Love You,” “Please Please Me,” “From Me to You,” “Thank You Girl.” Paul ti ṣàlàyé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ń fi “èmi” àti “ìwọ” síbẹ̀ ni, kí ọmọbìnrin tó ń gbọ́ ọ lè rò pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà má ṣe kórìíra àwọn orin rẹ. Ohun tí àwọn náà kọ́kọ́ yí padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Gbọ́ “From Me to You.” Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ ọ́, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1963, nígbà tí wọ́n ń ti York lọ sí Shrewsbury. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n orin náà wà ní C, nígbà tó dé àárín, ó yà sí G minor. Gbé gìtá rẹ, ta C fún ìgbà díẹ̀, kí o wá ta G minor. O gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ṣí nísàlẹ̀ rẹ? Paul sọ pé ìyípadà ńlá ni ibẹ̀ yẹn jẹ́ fún àwọn.

Orin tí o ní kí a tọ́ka sí, tèmi ni “She Loves You.” Yàrá hótẹ́ẹ̀lì kan ní Newcastle ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1963. Àwọn èèyàn kì í ka orin yìí kún orin ọgbọ́n, nítorí ariwo àwọn ọmọbìnrin ló gba etí wọn. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe olólùfẹ́. Alárinà ni. Ó ti rí ọmọbìnrin náà, ọmọbìnrin náà ti rán an níṣẹ́, ó wá ń jíṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tún ń bá a wí pé kó lọ tọrọ àforíjì. Èèyàn mẹ́ta ti wà nínú orin. Bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta, ìtàn ti wọlé: ẹnìkan ṣẹ ẹnìkan, ẹnìkan rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú wọn ti kúrò lára ara wọn. Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ṣa ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti là.

Ohun méjì mìíràn wà nínú orin yẹn. George Martin ló dámọ̀ràn pé kí ègbè ṣáájú ẹsẹ, wọ́n sì gbà. Nígbà tó sì ní kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi parí rẹ̀ ti di ti ayé àtijọ́, wọn kò gbà, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹ̀yin náà mọ ìgbà tí ẹ ó gbà fún àgbà àti ìgbà tí ẹ ó dúró.

Má sì rò pé òkè ni wọ́n ń gùn lọ láìsinmi. Ní oṣù keje ọdún 1964, A Hard Day's Night jáde, orin 13, tiwọn ni gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Beatles for Sale jáde, 6 nínú orin 14 sì tún jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìrìn àjò ti tán wọn lókun. Kódà “I'll Follow the Sun” tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀, láti ìgbà tí Paul wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti wà. Ohùn “When I'm Sixty-Four” náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 16. Ọdún 1967 ni ayé gbọ́ ọ. Nítorí náà má ya ìwé rẹ dànù.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Nǹkan tó wúni lórí nínú “Eleanor Rigby” kì í ṣe kọ́ọ̀dù. E minor àti C ló gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. “From Me to You” ọdún 1963 ní kọ́ọ̀dù jù ú lọ! Àwọn onífáólìn mẹ́rin, onífíólà méjì àti onísẹ́lò méjì ló ta á, George Martin ló kọ ohun tí wọ́n ta sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn ti rí èèyàn gidi tí wọn yóò kọrin nípa rẹ̀, wọn kò nílò kọ́ọ̀dù púpọ̀ mọ́.

Gìtá Ọ̀wẹ́ (Kàbà)

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀. Mo gbé gìtá gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mo ta C, mo ta G minor. Onílù wa tó jókòó níbẹ̀ ní kí n tún un ṣe.

Àbúrò mi ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi. Ọ̀rọ̀ alárinà yẹn ló mú un. Ó ní gbogbo orin mi, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń wo ẹnikẹ́ni.

Ìyá Kwaya (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Ẹ̀kọ́ tó kún ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí mo rí i pé John àti Paul nìkan lẹ mẹ́nu bà, àwọn méjì tó ti ní ara wọn láti ọmọdé. Kì í ṣe gbogbo wa ló ní irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀. Kwaya ni mò ń darí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, mo sì mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn dá jókòó ti orin.

Ẹ wo George Harrison. Òun ló kéré jù nínú wọn. Orin tirẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde nínú àwo wọn ni “Don't Bother Me,” ní oṣù kọkànlá ọdún 1963. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní hótẹ́ẹ̀lì ní Bournemouth, ó ní kí òun dán an wò bóyá òun náà lè kọ orin. Orin náà kò burú, kò sì yani lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀, àwo méjì jáde tí orin rẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀, A Hard Day's Night àti Beatles for Sale. Ẹ rò ó wò. Inú ẹgbẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin tí gbogbo ayé ń kọ, tirẹ̀ kò sì sí. Orin 2 ló ní nínú Help! ní 1965, 2 nínú Rubber Soul, 3 nínú Revolver, èyí tí “Taxman” tó ṣíwájú àwo náà wà lára wọn. Ọdún 1969 ló wá gbé “Something” àti “Here Comes the Sun” dé. “Something” ni orin tirẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé sí ojú kìíní àwo kékeré, èyí tó máa ń gba orin kan lójú kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́fà gbáko láti “Don't Bother Me”!

Èmi kò gbà pé ọdún mẹ́ta ni kí àbúrò mi tó wà ní Kàbà fi ṣe ìdíwọ̀n ara rẹ̀. Ti Harrison ni kó wò.

Àti pé, àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan. Ta ló mú ẹsẹ orin kan mọ́ ègbè òmíràn tí ẹ kò fi mọ̀? Àbúrò rẹ obìnrin. Ta ló ka ọ̀rọ̀ Bàbá tó sì mú ibi tó ṣe pàtàkì jù jáde? Òun náà ni. Etí tó gbọ́ pé àwọn orin méjì ti di ọ̀kan, etí akọrin ni. Ǹjẹ́ ẹ ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí bóyá òun ní orin? Mo ní àwọn ọmọbìnrin nínú kwaya mi tí wọ́n ní orin nínú ìwé ìdánwò wọn, tí kò sí ẹni tó bi wọ́n. Ẹ bi í.

Gìtá Ọ̀wẹ́ (Kàbà)

Àǹtí, mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní orin. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin nípa obìnrin kan tó ń ta ọsàn àti omi lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn tírélà símẹ́ǹtì ń gbà láti Obajana. Obìnrin náà mọ àwọn awakọ̀ náà ní ohùn fèrè ọkọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò gba ibẹ̀ mọ́, obìnrin náà kò sì ní ẹni tí yóò bi. Ìyẹn nìkan ni. Nígbà tó kọ ọ́ fún mi, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ó kó orúkọ gbogbo ìlú àti abúlé tó wà láàárín Kàbà àti Lọ́kọ́jà sínú ẹsẹ kìíní àti ìkejì, títí dé Zariagi, títí dé odò tó pàdé odò. Orin náà gùn, ó ń wọ́lẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ yọ wọ́n nítorí àwọn ibẹ̀ ló jẹ́ kó jẹ́ orin tiwa. Bàbá, Àǹtí, kí la ó ṣe?

Tíṣà Ìsánlú

Ìyá Kwaya, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ nípa Harrison wọ̀ mí lára. Mo gbà á.

Ọmọ mi, sọ fún àbúrò rẹ pé ohun tó ń ṣe é yìí ṣe John Lennon gẹ́lẹ́. “In My Life,” ọdún 1965, nínú Rubber Soul. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ìrìn bọ́ọ̀sì láti ilé rẹ̀ dé àárín Liverpool ni, ó ń dárúkọ gbogbo ibi tó ń gbà kọjá. Penny Lane wà lára wọn. Ó kà á, ó sú òun fúnra rẹ̀. Ó yọ gbogbo orúkọ yẹn kúrò, ó jókòó, ohun tó jáde ni ìrántí àwọn èèyàn àti àwọn ibi tí kò dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Orin náà wá di ti ẹnikẹ́ni tó ti kúrò nílé rí. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ yẹn kò ṣòfò. Ní oṣù kejì ọdún 1967, “Penny Lane” àti “Strawberry Fields Forever” jáde pọ̀ lórí àwo kékeré kan, Paul kọ ti ìkíní, John kọ ti ìkejì. Ibì kan ṣoṣo fún orin kan. Ní Penny Lane a rí onígbàjámọ̀, a rí panápaná, a rí ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì. Wọ́n dúró sójú kan, wọ́n wo ibẹ̀ dáadáa.

Obìnrin ọlọ́sàn yìí kò rìn lọ sí Lọ́kọ́jà. Ojú kan ló wà. Àwọn awakọ̀ ló ń rìn. Kí orin náà dúró síbi tí obìnrin náà jókòó sí. Orúkọ yòókù, kó kọ wọ́n sí ìwé, wọn yóò wúlò.

Ọmọ Ìyàrà (Ìkẹjà)

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná, mo fẹ́ fi èyí kún un nítorí ó kan òfin ìrántí tí Bàbá sọ.

Lẹ́yìn tí àwọn Beatles ti tú ká, Paul McCartney wá sí Èkó níbí ní 1973 láti ṣe àwo Band on the Run, ní sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road ní Àpápá. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, òun àti ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine ló kù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀, àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó ti gba orin náà sí wà nínú rẹ̀. Ó ní láti fa àwọn orin náà yọ látinú orí. Ẹni tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti Forthlin Road, ó ṣe é. Fẹlá náà tọ̀ ọ́ wá ní sítúdíò, ó fura pé ó wá jí orin ilẹ̀ Áfíríkà gbé ni. Paul ta ohun tó ń ṣe fún un gbọ́, ọkàn Fẹlá sì balẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọbìnrin yẹn pa ìwé dé. Kó má wo fóònù. Kó kọ orin náà látinú orí fún gbogbo ẹgbẹ́. Orúkọ ìlú tí kò bá wá sí ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan sí i fún ẹ̀yin ọmọ Kàbà. Ní ọdún 1973 yẹn kan náà, àwọn Ofege, ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Èkó níbí, gbé àwo rọ́ọ̀kì wọn kìíní jáde. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì! Orin tiwọn ni wọ́n kọ. Ẹ gbọ́ wọn náà, kí ẹ má rò pé Liverpool nìkan ló ni nǹkan yìí.

Àbúrò Gìtá Ọ̀wẹ́

Òkun o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá, Àǹtí, Bọ̀ọ̀dá Ìkẹjà. Èmi ni mo ni orin náà.

Mo pa ìwé dé bí Bọ̀ọ̀dá ṣe wí. Obajana nìkan ló kù nínú gbogbo orúkọ, ó sì wà nínú ègbè báyìí, nítorí ibẹ̀ ni awakọ̀ náà ti ń bọ̀. A ti gbé ègbè síwájú. Mo yọ ẹsẹ kẹta kúrò nítorí pé mo ń ṣàlàyé níbẹ̀ pé inú obìnrin náà kò dùn, àwọn tó ń gbọ́ sì ti mọ̀ láti ẹsẹ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí á fi G minor sí àárín. Èmi fẹ́ kí á dúró lórí kọ́ọ̀dù méjì títí tó fi parí, nítorí obìnrin náà kò kúrò lójú kan. A ti jiyàn títí, onílù ti lọ sílé.

Bàbá, ta lẹ gbà fún nínú wa?

Tíṣà Ìsánlú

Ìwọ ni mo gbà fún, ọmọ mi. Ẹsẹ kẹta tí o yọ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé o mọ ohun tí o ń ṣe. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ kọ orin mìíràn fún G minor rẹ̀. Ó dára, ó kàn ní ibi tirẹ̀ ni. Ẹ gba èyí sílẹ̀ nígbà tí onílù bá padà, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbí kí gbogbo wa gbọ́. Ìyá Kwaya, ẹ bá wa wo ohùn kejì tó lè wà lábẹ́ ègbè náà.